Bí A Ṣe Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ Sílé Àna Ọ̀rẹ́ Mi

Títí di òní, bí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí ọjà Ìkọ̀tún kọjá, tí òórùn epo ṣéènì gbá mi nímú, ẹsẹ̀ mi méjèèjì á kọ́kọ́ ro mí kí n tó rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlá báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ẹsẹ̀ yìí ò tíì dárí jì mí. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò kiri àdúgbò wa ni mò ń sọ o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà.

Mi ò tíì níyàwó nígbà náà. Yàrá kan ni mo háyà ní Ìgàndò, nínú ilé gígùn kan tí ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé ti kọjú síra wọn, ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ mi ló sì kọjú sí tèmi. Ọmọ Èkìtì ni, tíṣà ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọmọ Oǹdó lèmi, mò ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà. Èmi ló máa ń sọ̀rọ̀, òun ló máa ń ronú. Bí iná bá lọ, ibi tí mo bá ti ń bú àwọn tó mú un lọ ni òun á ti gbé kẹ́ẹ̀gì lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. A mọwọ́ ara wa débi pé bí ẹnì kan bá ń wá a, ẹnu ọ̀nà tèmi ló máa ń kàn.

Ọ̀rẹ́ mi ti rí ọmọbìnrin kan tó fẹ́ fẹ́. Tíṣà ni òun náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ṣáṣá. Àwọn òbí rẹ̀ wà ní abúlé kan tó kọjá Ìsẹ́yìn díẹ̀, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń hun aṣọ òfì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi àti àbúrò bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n ru iṣu, wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n lọ tọrọ ọmọ. Bàbá gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ó bọ́ wọn yó, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi tún sọ fún mi láìyọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀.

“Ẹ má bínú. Mo rí ọmọ yín, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mi àgbà wà ní Èkó lọ́dọ̀ ọkọ, ọdún kẹfà rèé tí mo ti fojú kàn án gbẹ̀yìn. Bí mo bá pè wọ́n, ọkọ rẹ̀ á ní ọ̀nà jìn. Méjì péré nìyá wọn bí fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa rí èyí tó kù.”

Wọ́n ru iṣu wọn padà. Yàrá mi ni ọ̀rẹ́ mi kó o sí, nítorí kò fẹ́ máa rí i. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì la fi jẹ iṣu ìtọrọ yẹn, èmi pẹ̀lú ẹ̀rín, òun pẹ̀lú ojú pípọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ń tẹ agogo kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo yọjú, mo bá a tó di kẹ̀kẹ́ ológeere méjì mú, tòkunbọ̀ méjèèjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan ò ní àwọ̀ kan pàtó mọ́.

“Kí lèyí?”

“Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tìẹ.”

“Tèmi ti jẹ́?”

“Ọ̀nà tó jìn ni bàbá ń bẹ̀rù. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ ara mi débẹ̀ láìwọ mọ́tò, ṣé wọ́n á tún rò pé ọ̀nà lè dí mi lọ́wọ́ àtimú ọmọ wọn wá kí wọn?”

Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn ará ilé fi jáde wá wò mí. Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín náà ni mo ti ṣèlérí pé màá bá a lọ. Mo tún fi kún un pé kò sí ibi tí mi ò gun kẹ̀kẹ́ dé ní kékeré mi ní Oǹdó. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ ọ̀gá ilé ìwé wa ni mo gùn yípo pápá ilé ìwé lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó wá láti Ṣáṣá ní ọjọ́ kan tí à ń fi epo pa ṣéènì lójúde, ó dúró, ó ń wò wá. “Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ fún un jàre. Ṣé èèyàn máa ń gun nǹkan yìí kúrò ní Ìgàndò dé Ìsẹ́yìn ni?”

“Fọkàn balẹ̀,” ni mo wí. “Ọkùnrin ni wá.”

“Mo mọ̀ pé ọkùnrin ni yín ṣá. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.” Ó wá yíjú sí ọ̀rẹ́ mi, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. “Mi ò ní pe ilé, mi ò ní sọ nǹkan kan fún wọn. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá tún kọ̀, ó ti parí nìyẹn o. Mi ò ní fẹ́ ẹ lẹ́yìn wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi wọ́n sílẹ̀, èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀rẹ́ mi mi orí pé òun gbọ́, ó sì ń pa ṣéènì lọ. Èmi náà mú àkísà, mo ń nu táyà tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì la gbéra, kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ki etí rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò, ó fi bírò sí àpò àyà bí ẹni tó ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Àpò ẹ̀yìn wa kún fún gàrí, ẹ̀pà, omi inú ọ̀rá, túùbù kan àti pọ́ǹpù. Láti Ìgàndò dé Ìyànà Ìpájà ni àwọn onímọ́tò ti ń fi wá ṣẹ̀sín. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan yọ orí síta, ó wo ọ̀rẹ́ mi láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ṣé owó oṣù ò tíì wọlé ni?” Àwọn èrò inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi náà rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí wọn. Èmi ni mo ń wá èsì tí màá fọ̀, ìgbà tí mo sì fi máa rí i, a ti dé Sángo Ọ̀tà.

Nígbà tí a fi máa wọ Abẹ́òkúta nírọ̀lẹ́, ìjókòó kẹ̀kẹ́ ti ṣe mí báṣubàṣu. Ilé ìbátan bàbá mi kan la sùn sí. Lówùúrọ̀, wọ́n gbé àga fún wa kí a jókòó jẹun, èmi àti ọ̀rẹ́ mi wo àga, a wo ara wa, a sì jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà lórí ìdúró.

Lẹ́yìn Abẹ́òkúta, bí a ti dorí kọ Èrúwà, ni ojú ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ilé tán. Ariwo tán. Ọyẹ́ ti gba gbogbo ilẹ̀, wọ́n ti sun igbó níbì kan, koríko gbígbẹ ga ju orí wa lọ níbòmíràn, àpáta ńláńlá sì jókòó sáàárín pápá bí àgbàlagbà tó ń gbatẹ́gùn. A ó gùn títí, a ò ní rí mọ́tò kankan. Táyà wa nìkan là ń gbọ́, àti ẹyẹ, àti darandaran kan tó kí wa lókèèrè. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé ní Ìgàndò, mi ò mọ̀ pé ó ti rẹ etí mi tó bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rẹ́ mi sì ń gbè é lẹ́yìn mi, ohùn rẹ̀ burú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbọ́ àfi àwa. Ìyá àgbà kan tó ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà béèrè ibi tí à ń lọ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi sọ fún un pé òun ń lọ bẹ bàbá ìyàwó òun ni, ìyá bó ọsàn mẹ́rin fún wa, ó ní kí a mú un lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kò sí ẹni tó bẹ bàbá tòun rárá.

Ọjọ́ kẹta ni ìjà dé. Òkè pọ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀fun ń gbẹ wá, ètè mi sì ti bẹ́ nítorí ọyẹ́. Nígbà tí a sún mọ́ Àdó Àwáyè, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó pákí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Awakọ̀ náà ní, “Ẹ gbé e sókè, ẹ̀yin ọmọ. Ìsẹ́yìn ni mò ń lọ. Mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín.”

Kò tíì sọ ọ́ tán tí mo ti gbé táyà iwájú kẹ̀kẹ́ mi lé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ọ̀rẹ́ mi ò mira.

“Wá ńbí,” mo ní, “ta ló máa mọ̀? Bó bá ku díẹ̀ ká dé, a máa sọ̀ kalẹ̀.”

“Wọ̀ ọ́ máa lọ. Èmi ò lè dọ̀bálẹ̀ fún bàbá yẹn kí n sì máa purọ́ fún wọn.”

“Ìwọ lo fẹ́ gbéyàwó, èmi ni ẹsẹ̀ ń dùn! Ṣé ó tún di dandan ni? Ọ̀nà jìn, ọ̀gbẹ́ni!”

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Kò bínú, ó kàn béèrè pé, “Ọjọ́ wo lo ti lọ wo màmá ẹ gbẹ̀yìn ná?”

Ó ti tó ọdún méjì. Gbogbo ìgbà tí màmá mi bá pè láti Oǹdó, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Mo gbé táyà mi kúrò lẹ́yìn ọkọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, ó mi orí sí wa bí ẹni tó rí ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. A gun kẹ̀kẹ́ fún bíi wákàtí kan láìsọ̀rọ̀. Táyà mi ló jò tó bá wa parí ìjà náà, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ti ń pààrọ̀ túùbù, òun ló sì bá mi pààrọ̀ rẹ̀.

Bóyá ojú ló ń tì mí ni mo fi fẹ́ wúlò nígbà tí a rí òrùlé abúlé náà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo gbé ìmọ̀ràn kan kalẹ̀. Mo ní a ò gbọdọ̀ sinmi mọ́, a ò gbọdọ̀ mumi, ká má sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ti rẹ̀. Eré ni ká sá wọ àgbàlá, ká fò sílẹ̀, ká sì dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bàbá á mọ̀ pé ọkùnrin dé. Ọ̀rẹ́ mi tó gbọ́n, tó mọ ìṣirò, gba ìmọ̀ràn mi lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í fara balẹ̀ yan olùdámọ̀ràn.

Bí mo ṣe wí náà la ṣe é. Bàbá wà lábẹ́ àtíbàbà, ó jókòó sídìí òfì rẹ̀, ó ń hun aṣọ. A sáré wọlé, a ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, a nà gbalaja síwájú rẹ̀, eruku ọyẹ́ bò wá bí ẹni tó já sínú èlùbọ́. Bàbá wò wá. Ó wo kẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ó wá yíjú padà sí òfì rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ó sì ń hun lọ.

“Bàbá,” ọ̀rẹ́ mi wí láti ilẹ̀, “ẹsẹ̀ ni mo fi wa kẹ̀kẹ́ wá láti Èkó. Ọ̀nà ò jìn, sà. Màá máa mú un wá.”

Bàbá ò fèsì. Ní ilẹ̀ wa, ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ tó bá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún àgbà kì í dìde títí àgbà náà á fi ní kó dìde. A sì dúró dè é. Ibi tí a ti ń dúró dè é ni pajápajá ti mú mi lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, kí n tó mọ̀ ó ti mú ti òsì náà. Mo yíjú wo ọ̀rẹ́ mi. Ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fò lábẹ́ ṣòkòtò bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi, ó fi eyín di ètè mú, omijé sì ń ṣàn sínú erùpẹ̀.

Ìyá jáde láti ilé ìdáná. “Háà! Bàbá ilé, ẹ wo ọmọ yìí! Ó ń sunkún! Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ, ẹ dìde.” A ò lè dìde. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ, wọ́n ń bá wa bẹ Bàbá. Bàbá ò yíjú.

Nígbà tó pẹ́, ó ní, “Ẹ dìde.”

A ò mira.

“Mo ní kí ẹ dìde.”

“Wọn ò ní dìde láìgbọ́ èsì,” ni bàbá àgbà kan láàárín èrò wí. “Àwọn ọmọ yìí gbọ́n.”

Bàbá tún hun ìlà kan sí i. Ó ṣì dojú kọ òfì rẹ̀. “Ó dáa. Mo ti gbọ́. Mo ti fún un. Kí ó mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá.”

Àwọn obìnrin hó yèè. Ìyá ń jó. Àwa ò sì tíì lè dìde.

“Kí ló tún kù?” ni Bàbá wí. “Ṣé kí n so ewúrẹ́ mọ́ ọn ni?”

Ẹ̀rín pa gbogbo èèyàn. Ẹ̀rín pa èmi náà mọ́lẹ̀, bóyá ìyẹn ló sì tú iṣan mi, nítorí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo fọwọ́ ti ilẹ̀, mo fa ọ̀rẹ́ mi dìde. Àwọn ará abúlé ní láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé, àwọn ò rí ọmọ Èkó tó níwà ìtẹríba tó báyìí. Bàbá ní òun fẹ́ lọ bọ́jú. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ọyẹ́ ọdún yìí mà le o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wo ara wa, a sì gbà láìsọ̀rọ̀ pé a ò ní sọ ọ̀rọ̀ pajápajá fún ẹnikẹ́ni láyé yìí.

Inú bọ́ọ̀sì la jókòó sí bọ̀ wálé, kẹ̀kẹ́ wà lórí rẹ̀. Ìgbéyàwó wáyé kí òjò ọdún náà tó dé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó wá, òun àti ọkọ rẹ̀, wọ́n sì sùn sílé fún ọjọ́ mẹ́rin. Aṣọ òfì tí Bàbá hun lásìkò tí a lọ náà ló kó fún ọmọ rẹ̀. Mo rí i níbi kan nínú aṣọ náà pé ọnà rẹ̀ ṣì: ìlà tó yẹ kó tọ́ wọ́, òwú funfun bọ́ sí ipò aláwọ̀ aró, kó tó tún tọ́ padà. Mo fi ṣe ọ̀rẹ́ mi ní yẹ̀yẹ́ pé ojú àna rẹ̀ ti ń di bàìbàì. Ìyàwó rẹ̀ náà rí i. Bó bá ti fẹ́ ró aṣọ náà, á ká ibi tó ṣì sínú, kí èèyàn má baà rí i. Èmi ní tèmi, mo lọ sí Oǹdó lọ́dún Àjíǹde yẹn, mi ò sì tíì jẹ́ kí ó pé oṣù mẹ́ta láìlọ wo màmá mi láti ìgbà náà.

Lóṣù tó kọjá, Bàbá wá sí Ìgàndò wá ṣe awò ojú. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ dá ṣáká. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, gbogbo wa jókòó sí iwájú ilé ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ọmọ ń ṣeré, ni ọ̀rẹ́ mi ṣàdédé kúnlẹ̀ níwájú àna rẹ̀ tó sì jẹ́wọ́. Ó ní kì í ṣe ìtẹríba ló mú àwọn pẹ́ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, pajápajá ni. Ó ní ó ti ń jẹ òun lọ́kàn fún ọdún mẹ́tàlá. Ìyàwó rẹ̀ pariwo, “Ẹ̀yin wọ̀nyí!” Èmi ń wo ilẹ̀.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ lọ gbé aṣọ òfì náà wá. Wọ́n gbé e dé. Ó tẹ́ ẹ lé orúnkún, ó fi ìka wá a lọ, títí ó fi dé ibi tí ọnà náà ti ṣì.

“Ibí yìí ni ẹ wà nílẹ̀,” ó wí. “Gbogbo yín rò pé mò ń lejú mọ́ yín. Ẹ̀yin ò lè dìde, èmi ò lè yíjú. Ọdún kẹfà nìyẹn tí mo ti ń wo ọ̀nà, tí ẹnì kankan ò wá. Mo rí ọmọ méjì nínú eruku, mi ò rí òwú mọ́.”

Ọ̀rẹ́ mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, “Dìde,” lọ́tẹ̀ yìí ó sì dìde kíákíá.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi jókòó síwájú mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ òfì náà ló ró. Kò ká ibi tó ṣì sínú mọ́, ìta ló gbé e sí.